Òṣùká Inú Orúnkún

Àwọn àgbà ní ìgbẹ̀yìn ní í dun olókùú àdá. Òwe yìí bá iṣẹ́ abẹ orúnkún mu púpọ̀, nítorí pé ohun tí oníṣègùn ṣe lónìí, ogún ọdún lè kọjá kí a tó mọ ibi tí yóò já sí.

Láàárín eegun itan àti eegun ojúgun ni eegun rírọ̀ méjì wà, ọ̀kan lápá inú, èkejì lápá òde. Ìrísí wọn dàbí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Iṣẹ́ tí òṣùká ń ṣe fún aláàárù ni wọ́n ń ṣe fún ẹsẹ̀: wọ́n ń pín ẹrù ara ká, kí eegun má baà máa lọ eegun. Bí agbábọ́ọ̀lù bá fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ tí ó sì yí ara pa dà lójijì, ọ̀kan nínú wọn lè ya. Orúnkún a wú. Nígbà mìíràn a há, kò sì ní ṣeé nà.

Ní ọdún 1883, ní ìlú Edinburgh, Thomas Annandale rán irú eegun rírọ̀ bẹ́ẹ̀ pa dà sí àyè rẹ̀ fún awakùsà kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣègùn tí ó tẹ̀lé e kò tọ ọ̀nà yìí. Wọ́n rò pé ohun tí kò wúlò ni, wọ́n sì ń yọ ọ́ dànù pátápátá. Aláìsàn a bọ́ lọ́wọ́ ìrora, a sì pa dà sórí pápá. Ta ni ìbá mọ̀ pé gbèsè ń bẹ nídìí ayọ̀ náà?

Ní ọdún 1948, T. J. Fairbank, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé lórí àwòrán eegun àwọn tí a ti yọ tiwọn. Ó rí i pé àlàfo àárín eegun méjèèjì ń fún, orí eegun itan sì ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, làkúrègbé orúnkún dé bá ọ̀pọ̀ irú wọn kí ogbó tó dé. A ti gba òṣùká lórí aláàárù, ẹrù kò sì fúyẹ́.

Láti ìgbà náà ni ọgbọ́n ti yí pa dà. Ní ọdún 1962, ní Tokyo, Masaki Watanabe ti awò tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú orúnkún, ó sì gé kìkì ibi tí ó ya. Lónìí, bí ó bá jẹ́ etí òde ni ó ya, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ń dé, a lè rán an kí ó jinná. Òtítọ́ ni pé èyí tí a rán lè tún ya, aláìsàn sì ní láti ṣe sùúrù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Síbẹ̀, orúnkún tí a dá òṣùká rẹ̀ sí sábà máa ń tọ́jọ́ ju èyí tí a gé tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2013, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Fínlándì gbé ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 146, ẹni ọdún 35 sí 65, tí tiwọn ya nítorí gbígbó. Wọ́n gé e fún àwọn kan; fún àwọn yòókù, wọ́n kàn ṣe bí ẹni gé e. Lẹ́yìn ọdún kan, ara tu ìhà méjèèjì bákan náà.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo èyí tí ó ya ni ọ̀bẹ tọ́ sí. Orúnkún tí ó há pátápátá lè fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Òmíràn, eré ìdárayá tí ń fún iṣan itan lókun ni oògùn rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó bá farapa a máa kánjú béèrè ọjọ́ tí òun yóò tún gbá bọ́ọ̀lù. Ìbéèrè tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni bí ẹsẹ̀ náà yóò ti rí nígbà tí òun bá di baba ọmọ.