Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ: ÀBẸ̀WÒ SÍ Ẹ̀PẸ́ ÀTI ÈJÌNRÌN

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,

Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ rin ìrìn àjò ẹ̀kọ́, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má lọ wòran lásán. Ẹ wádìí bí òwò ìlú náà ṣe ń lọ. Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀kọ́ sì pọ̀ níbẹ̀.

Etí ọ̀sà ni Ẹ̀pẹ́ wà. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò lórí ìtẹ́ ní ọdún 1851. Ní 1854 ó bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ pé òun kò ní du Èkó mọ́, òun yóò sì jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ó padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́.

Èjìnrìn wà létí ọ̀sà kan náà, ní ìwọ̀ oòrùn Ẹ̀pẹ́. Ọjà ńlá ni láyé ijọ́un. Epo àti ekuro ń ti òkè wá. Iyọ̀, aṣọ àti ìbọn ń ti Èkó wá. Àwọn baba wa kò jẹ́ kí ará òkè sọ̀ kalẹ̀ dé Èkó, wọn kò sì jẹ́ kí ará Èkó gòkè. Àárín ni wọ́n dúró, wọ́n ń gba owó ibodè, wọ́n sì ń jèrè lọ́tùn-ún lósì.

Ní oṣù Kínní 1892, a ṣe àdéhùn ní Èkó pé ọ̀nà yóò ṣí, owó ibodè yóò dópin, Gẹ̀ẹ́sì yóò sì máa san £500 lọ́dọọdún dípò rẹ̀. Kò pẹ́ tí Gómìnà Carter fi ní Ìjẹ̀bú ti yẹ àdéhùn. Ní oṣù Karùn-ún, ọmọ ogun gba Ẹ̀pẹ́ wọlé, wọ́n ṣẹ́gun ní Ìmágbọ̀n, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tó yá, rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, mọ́tò sì tẹ̀lé e. Ẹrù yà gba ibòmíràn, ọjà Èjìnrìn sì rẹ̀yìn.

A kò bú àwọn baba wa. Wọ́n mọ òwò dáadáa. Ṣùgbọ́n èrè tó bá ti inú ọ̀nà kan ṣoṣo wá, ọjọ́ tí ọ̀nà náà bá yí padà ló ń tán. A ti rí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó jẹ́ pé alágbàtà kan ló ń ra kòkó wọn, òun náà ló ni ọkọ̀, òun náà ló ń yá wọn lówó. Iye tó bá dá lé e ni wọ́n ń gbà. Ọjọ́ tí kò bá yọjú, ẹkún ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹ kí àwọn ìyá tó ń tajà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè: Ọwọ́ mélòó ni ẹja ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò jẹ ẹ́? Èló ni ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń fi lé e? Bó bá bàjẹ́, ta ló ń ru àdánù?

Ìbéèrè fún ìpàdé:

1. Ta ló di ọ̀nà ọjà mú fún ẹgbẹ́ wa?
2. Bí ẹni náà bá lọ, kí ni a ó ṣe?
3. Èló ni a lè máa yọ sọ́tọ̀ lóṣooṣù kí a lè fi ọkọ̀ tiwa kó ẹrù?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn yín sínú ìwé ìpàdé. A óò béèrè rẹ̀ nígbà tí a bá wá yẹ ìwé yín wò.