Òkè, Ẹ̀jẹ̀ àti Kẹ̀kẹ́

Ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde kì í pàdé òkè ńlá. Ní Tenerife, erékùṣù olóòrùn ti Sípéènì létí Áfíríkà, òkè Teide ga ju mítà 3,700 lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ògbóǹtarìgì agunkẹ̀kẹ́ ti ń ṣe ìdánrawò. Afẹ́fẹ́ òkè fúyẹ́, nítorí náà kíndìnrín a ta mùdùnmúdùn eegun lólobó pé kí ó pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa sí i. Èyí gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kan kàn ń kọ́ ẹsẹ̀ ní òkè gígùn ni. Ṣùgbọ́n kí ni òkè yóò ṣe fún ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́? Ní Paris, 2024, ọwọ́ àwọn ará Jámánì ni Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà, ti yá èyí tó fi díje.