Iná Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Mi Ò Mọ́lẹ̀: Gílóòbù Kọ́, Wáyà Ni

Ẹ̀kọ́ tòní, inú ọkọ̀ tèmi gan-an ni mo ti kọ́ ọ, díẹ̀ ló sì kù kí n fi ẹ̀mí ẹlòmíì kọ́ ọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mò ń bọ̀ láti Ìwó Road, mò ń lọ sílé ní Akobo. Kò síná NEPA, gbogbo títì ṣú dùdù. Bí mo ṣe kọjá General Gas, àfi bí mo ṣe rí bàbá kan tó ń ti ọmọlanke níwájú mi, ó kù díẹ̀ kí n kọlù ú. Mo tẹ bíréèkì, Ọlọ́run bá mi ṣe é, ọkọ̀ dúró. Bàbá yíjú padà, ó ní, "Ṣé o ò tan iná ni?" Mo tan iná o! Àmọ́ ó pupa bí iná fìtílà ni.

Ilẹ̀ mọ́, mo gba ọjà sípíà páàtì ní Gate lọ. Gílóòbù H4 ni ọkọ̀ mi ń lò, èyí tí wọ́n kọ 60/55 sí lára: 60 wáàtì fún full light, 55 fún dim. Ọmọ ọjà ní, "Ọ̀gá, ẹ mú 100/90, òun ló lágbára jù." Mo ra méjì. Iná tàn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kẹta, òórùn rọ́bà tó ń jóná gba inú ọkọ̀. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdí gílóòbù ti yọ́.

Ìṣirò kékeré kan

Ẹ pín wáàtì sí fóòtì, ẹ ó rí áńpù, ìyẹn ìwọ̀n kọ́ọ̀ǹtì tó ń gba inú wáyà kọjá. 60 pín sí 12 jẹ́ áńpù 5. Gílóòbù méjì, áńpù 10. Àmọ́ 100 pín sí 12 lé ní áńpù 8. Méjì rẹ̀ sún mọ́ 17. Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú níbẹ̀: bí kọ́ọ̀ǹtì bá di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti áńpù 10 sí 17, ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí ẹ kó èrò Micra méjì sínú Micra kan ṣoṣo.

Kí ló wá dé tí iná ò fi mọ́lẹ̀ látilẹ̀?

Réwáyà tó bá mi tún un ṣe dá gílóòbù àtijọ́ padà, ó sì fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Lórí bátìrì, fóòtì 13.8. Ní ìdí gílóòbù, 11.3. Fóòtì 2.5 ti sọnù sójú ọ̀nà! Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù kì í sì í dínkù díẹ̀díẹ̀ bíi ti fóòtì. Tí fóòtì bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ. Tèmi ti dín dé ìdajì. Fóòtì tó sọnù ò wọgbó, ó di ooru: nǹkan bíi wáàtì 20, tí kò jìnnà sí ti irin kékeré tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan." Ẹni tó ti ní ọkọ̀ náà rí ti fi wáyà tín-ín-rín fa iná míì. Ó lọ́ ọ pọ̀, ó fi téèpù wé e. Fíúsì tó jó, kò pààrọ̀ ẹ̀, wáyà ló fi dè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é láéláé. Wáyà ni fíúsì ń dáàbò bò, kì í ṣe gílóòbù. Bí kò bá sí fíúsì, wáyà fúnra rẹ̀ ló máa jó, ọkọ̀ á sì bá a jó.

Àtúnṣe tó tọ́

Relay ni ọ̀nà àbáyọ. Súìṣì inú ọkọ̀ ò ní gbé ẹrù wúwo mọ́. Áńpù kékeré tí kò tó ìdajì áńpù kan ni yóò fi pàṣẹ, relay ni yóò gbé kọ́ọ̀ǹtì ńlá láti bátìrì. Bí ọba ṣe ń rán ẹmẹsẹ̀ níṣẹ́ nìyẹn. Ojú 85 àti 86 ló ń gba àṣẹ, 30 ń gba iná láti bátìrì, 87 ń gbé e lọ sí gílóòbù. A lo relay méjì, ọ̀kan fún full, ọ̀kan fún dim, pẹ̀lú wáyà 2.5 mm àti fíúsì áńpù 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sún mọ́ bátìrì pẹ́kípẹ́kí. Lẹ́yìn náà, mítà ka 13.4 ní ìdí gílóòbù. 60/55 náà ni o, kì í ṣe 100!

Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù fúnra yín

1. Ẹ pa iná, kí ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa.
2. Ẹ má fọwọ́ kan dígí rẹ̀. Òróró ọwọ́ máa ń mú kí ojú ibẹ̀ gbóná ju ibi tó kù lọ, gílóòbù á sì tètè kú. Bí ẹ bá ṣèèṣì fọwọ́ kàn án, ẹ fi spirit nù ún.
3. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Bó bá ti dúdú tàbí tó ti yọ́, ẹ pààrọ̀ òun náà.
4. Ẹ kọjú ọkọ̀ sí ògiri lálẹ́, kí ẹ rí i pé dim ò lọ sókè sójú ẹni tó ń bọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún LED tí wọ́n kàn ń kì bọ inú iná tí wọ́n ṣe fún H4. Dígí tó ń tari ìmọ́lẹ̀ síwájú, wọ́n gbé e kalẹ̀ fún okùn iná kékeré tó wà lójú kan pàtó nínú H4 ni. Bí orísun ìmọ́lẹ̀ bá kúrò lójú yẹn, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri, ojú ọlọ́kadà tó ń bọ̀ ni yóò gbà á.

Mo tún pàdé bàbá ọmọlanke yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, lójú ọ̀nà kan náà, lálẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, láti òkèèrè ni mo ti rí wọn.