Ohun tó bo imú ọkọ̀ òfúrufú

Bí ẹ bá gbójú sókè wo òpó tẹlifóònù ní Pobè, ẹ ó rí àwọn nǹkan funfun roboto lára rẹ̀. Ìbòrí lẹ̀ ń rí yẹn. Áńtẹ́nà fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn, níbi tí òjò àti kòkòrò kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Irú rẹ̀ ló wà ní ṣóńṣó imú ọkọ̀ òfúrufú tó ń gbéra ní Cotonou, tó bo rédà tó ń wá òjò níwájú. Ti ọkọ̀ òfúrufú la ó yẹ̀ wò lónìí, torí òun lewu rẹ̀ pọ̀.

Wọn kì í fi irin ṣe ìbòrí yìí, torí irin á dá ìgbì rédíò padà. Fáíbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni, ohun fúyẹ́ tó ní ihò wẹ́wẹ́ sì wà láàárín wọn. Ìgbì rédà náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3, nítorí náà wọ́n ń fẹ̀sọ̀ wọn bí ìbòrí náà ṣe nípọn tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní 90 nínú 100 ló ń kọjá. Ìgbì jáde, ó ku 90. Ó kan òjò, ó padà, ó tún bá ìbòrí kan náà pàdé: ó di 81, ká má tíì ka èyí tó fọ́n dànù lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń san owó ibodè, bí ẹni tó ná ọjà Ìdí-Ìrókò tó tún padà wálé.

Wàyí o, ẹyẹ kọlu imú ọkọ̀. Ó tẹ̀ wọnú, ó tún padà sípò. Ojú kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n omi òjò oṣù kẹfà ti rọ́nà wọlé. Lókè, omi náà dì, ó wú, ó ya fáíbà sọ́tọ̀. Omi yìí ló burú ju ihò lọ: ó ń dá ìgbì padà, ó sì ń gbé e mì. Bó bá jẹ́ 60 ló ń kọjá, 36 péré ló kù. Àwọ̀ ewé, ti òjò díẹ̀, ni awakọ̀ á máa rí lójú rédà, níbi tó yẹ kí ó ti pupa bíi ti òjò ńlá.

Ìgbì mìíràn á yà bàrá, á kan ilẹ̀, rédà á sì pè é ní òjò. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù tó ti àkọ́kọ́: ẹni tó rí òjò tí kò sí á kàn yà fún un ni.

Oníṣẹ́ a máa fi owó wẹ́wẹ́ kan ìbòrí náà díẹ̀díẹ̀. Ibi tó dáa á dún kó-kó. Ibi tó ti ya á dún bù. Ọ̀dà nìkan kò lè tún un ṣe o! Àlẹ̀mọ́ tó nípọn jù, tàbí ọ̀dà tó ní irin nínú, á tún dínà fún ìgbì. Bí àtúnṣe náà bá tóbi, wọ́n á kọ́kọ́ wọn iye tó ń kọjá nínú 100, kí wọ́n tó dá a padà sí imú ọkọ̀.