Ẹ̀yin Ọdẹ Adó, Ẹ Wo Ọta Kẹ́ Ẹ Tó Kì Í

Èrò kan ti wọ ọ̀pọ̀ ọdẹ wa lára: pé ọta tó bá tóbi jù ló dára jù, pé ẹni tó bá ti ki ọta ńlá tí wọ́n ń pè ní SG sínú ìbọn ti múra de ẹrankẹ́ran. Irọ́ ni, ó sì léwu.

Ráífù kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ Èkìtì. Ṣakabùlà àti ìbọn oníkatiríìjì la ń gbé. Lára katiríìjì, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré ni ọta ń tóbi sí i. Nọ́ńbà 6 tó nǹkan bíi mìlímítà 2.6, SG lé ní mìlímítà 8. (Nọ́ńbà kan náà kì í dọ́gba láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, mìlímítà tó wà lára páálí ni kẹ́ ẹ máa wò.) Nínú katiríìjì kan tó jẹ́ ti ìbọn 12-gauge, nọ́ńbà 6 lè tó 300 ẹyọ, SG kì í sábà ju 8 tàbí 9 lọ. Tẹ́ ẹ bá yin ẹyọ 8 yẹn sí ọ̀yà, wọ́n lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìbà á, tàbí kí wọ́n ba ẹran jẹ́. Àparò àti òkété, nọ́ńbà 6 tó wọn. Ọ̀yà, nọ́ńbà 4, kó má sì jìnnà ju 30 mítà lọ. Ìgalà àti túùkú la ń torí wọn ra SG. Ẹni tó fi nọ́ńbà 6 yin túùkú, ọgbẹ́ ló dá sí i lára: ẹran náà á lọ kú síbi tẹ́nikẹ́ni ò ní rí i, tàbí kó kọjú sí ọdẹ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé: ọta SG kan lè rìn kọjá 500 mítà. Adó sì ti fẹ̀. Lọ́nà Ìjan, lọ́nà Ìwòròkò, oko àti ilé ti wọnú ara wọn, àwọn ọmọ yunifásítì ń gbé ibẹ̀. Ọdẹ tó ń fi iná orí dẹ̀gbẹ́ lóru, ojú tó ń tàn yanran nìkan ló ń rí, kò rí ahéré tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣakabùlà, ẹ má ki gégé irin. Ẹ má sì ki ẹ̀tù jù: ẹ̀tù tó bá pọ̀ jù máa ń fa ìbọn ya, ọwọ́ àti ojú ọdẹ ló ń bá a lọ.

Ti òjé tó wà nínú ọta náà kì í ṣe kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n òjé tí kò lè pa ara lára, òjé ló sì pa ọmọdé tó ju 400 lọ ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà. Ẹ gé ẹran tó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù, ẹ má sì fún aboyún àti ọmọdé ní ẹran tí wọ́n fi ọta òjé pa jẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra katiríìjì tí wọ́n ti tú kúrò nínú páálí. Tẹ́ ò bá sì rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹran, ẹ má yìn ín.