Ẹ̀kọ́ lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ Pàtàkì nínú Ẹ̀sìn Híńdù: Karma àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Tó Yí I Ká

Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí etí yín ti ń gbọ́ tipẹ́. Nílùú Lọ́ńdọ̀nù níbí, ọmọ Yorùbá àti ọmọ Gujarati jọ ń jókòó ní kíláàsì kan náà. Láti oṣù kẹjọ ọdún 1995 ni tẹ́ńpìlì ńlá Swaminarayan ti wà ní Neasden. Íńdíà ni wọ́n ti gbẹ́ àwọn òkúta rẹ̀ kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn wá síhìn-ín. Nítorí náà, ẹ̀sìn aládùúgbò wa là ń sọ, kì í ṣe ti ará ọ̀run.

Karma, guru, avatar, yoga: ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti di ti gbogbo ayé. Wọ́n wà nínú fíìmù, wọ́n wà nínú orin, kódà wọ́n wà lára ẹ̀wù tí à ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn kò bá wọn dé gbogbo ibi tí wọ́n dé. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ òwò ṣe ni wọ́n ń pè ní guru lónìí. Bẹ́ẹ̀, ohun tó wúwo ni guru jẹ́ nínú èdè Sanskrit, ìyẹn olùkọ́ tí ìmọ̀ rẹ̀ tẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yin ọmọdé mọ avatar sí àwòrán tí ẹ ń lò nínú eré orí kọ̀ǹpútà. Sísọ̀kalẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀: sísọ̀kalẹ̀ Vishnu wá sáyé nígbà tí ayé bá dàrú, bó ṣe wá gẹ́gẹ́ bíi Rama àti gẹ́gẹ́ bíi Krishna.

A ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ayé ṣe ń kọ wọ́n, a kò ní sọ wọ́n di Yorùbá. Ìdí rẹ̀ rèé. Karma máa ń di "kámà" lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n kama wà lọ́tọ̀ nínú Sanskrit, ìfẹ́ ọkàn àti ìgbádùn ni. Ẹni tó bá kọ méjèèjì bákan náà ti da omi pọ̀ mọ́ epo. Bẹ́ẹ̀ náà ni Brahman, Brahma àti brahmin. Brahman ni Ẹ̀mí tó wà ní ìdí ohun gbogbo. Brahma ni òrìṣà tí wọ́n ní ó dá ayé. Brahmin sì ni ẹni tí a bí sínú ìran àlùfáà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí àgbàlagbà pàápàá ń ṣì í.

Orúkọ Híńdù fúnra rẹ̀ kì í ṣe orúkọ ẹ̀sìn nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ odò ni. Sindhu ni odò náà ń jẹ́. Àwọn ará Páṣíà pè é ní Hindu, wọ́n sì fi pe àwọn tó ń gbé níkọjá odò náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́sìn náà fẹ́ràn láti pe ẹ̀sìn wọn ní sanatana dharma, dharma tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò sì ní òpin.

Kí wá ni dharma? Bí ẹ bá bi ẹni mẹ́ta, ọ̀kan á ní ẹ̀sìn ni, ọ̀kan á ní òfin, ẹ̀kẹta á ní ojúṣe. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n inú gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ni kí á wò. Gbòǹgbò náà ni dhri: láti di nǹkan mú, láti gbé e ró. Òpó tó gbé ilé ró, ìyẹn ni dharma. Oòrùn ń yọ lásìkò, dharma ni. Ìyá ń tọ́ ọmọ, dharma ni. Ti akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí ti ọba, ti ọba yàtọ̀ sí ti ẹni tó ti fi ilé sílẹ̀ lọ máa ṣe àṣàrò nínú igbó. Òun ló ṣíwájú nínú ohun mẹ́rin tí wọ́n ní ènìyàn lè máa lépa láyé: dharma, artha tí í ṣe ọrọ̀ àti ìlọsíwájú, kama tí a ti sọ lẹ́ẹ̀kan, àti moksha tí à ń bọ̀ wá bá. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò ka owó àti ìgbádùn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ni pé kí dharma máa darí wọn.

Ó wá kan karma, ibi tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ.

Gbòǹgbò rẹ̀ ni kri, láti ṣe. Iṣẹ́ ni karma, ohun tí a fi ọwọ́, ẹnu tàbí ọkàn ṣe. Èso iṣẹ́ náà ní orúkọ tirẹ̀, karma-phala. Phala ni èso. Àwọn ènìyàn wa máa ń yára sọ pé ẹ̀san ni. Wọ́n á ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Òwe náà sún mọ́ ọn, a kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀san máa ń ní ẹni tó ń san án, ó sì sábà máa ń ní ìbínú nínú. Karma jọ irúgbìn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó gbin ẹ̀pà kò ní hú iṣu. Àwọn olùkọ́ kan ní Ọlọ́run ló ń pín èso náà fún oníkálukú, àwọn mìíràn ní iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń so. Wọn kò sì sọ pé búburú nìkan ló ń so o. Iṣẹ́ rere náà karma ni.

Àwọn mìíràn nínú wa á ní orí ni, tàbí àyànmọ́. Èyí náà kò bára mu tán. Ní ti Yorùbá, a kúnlẹ̀ a yan orí kí á tó wá sáyé. Karma kò ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kan pàtó. A ń mọ ọ́n díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, láti ayé kan dé òmíràn.

Àwọn olùkọ́ Vedanta máa ń fi ọfà ṣe àpèjúwe rẹ̀, ọmọ ọdẹ á sì tètè lóye. Ọfà tó kún inú apó ni sanchita, iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá tí kò tíì so èso. Ọfà tó ti kúrò lórí ọrun ni prarabdha. Kò sẹ́ni tó lè pè é padà, ibi tó ń lọ ló máa dé. Ọfà tí ọdẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi sórí ọrun báyìí ni agami. Ọwọ́ rẹ ni ìyẹn wà. O lè ta á, o lè dá a padà sínú apó. Nítorí náà, ẹni tó bá káwọ́ gbera tó ní "karma mi ni," ọfà kan ṣoṣo ló rí nínú mẹ́ta.

Ohun tó mú wa tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni pé a ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ilé láàrin wa ló mọ àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ọmọ lè gba S lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, kí egungun sì máa dùn ún tọ̀sán tòru. Kí ẹnìkan wá dúró níwájú ìyá ọmọ bẹ́ẹ̀, kó ní, "Karma ni, ó ní ohun tó ṣe láyé àtijọ́"! Kí ló kọ́ ọ? Gita fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ọ̀nà iṣẹ́ jinlẹ̀, ó sì ṣòroó mọ̀ dé ìdí. Ta ló wá fún ọ lójú tí o fi ka ìwé ẹlòmíràn? Ohun tó kàn ọ́ níbẹ̀ ni dharma tìrẹ: daya, ìyẹn àánú, àti seva, ìyẹn iṣẹ́ ìsìn tí a kò gba owó lé. Gbé omi fún ọmọ náà. Bá ìyá rẹ̀ jókòó ní ọsibítù kó lè sùn díẹ̀. Ọfà tó wà lọ́wọ́ rẹ nìyẹn.

A kò ní fi pa mọ́ fún yín pé àwọn Híńdù kan náà ti lo karma bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni wọ́n fi ń sọ fún àwọn ìran tí a kà sí aláìmọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn láyé àtijọ́ ló bí wọn sínú ìyà. B. R. Ambedkar, tí wọ́n bí sínú irú ìran bẹ́ẹ̀ ní 1891, kò gbà. Òun ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ òfin ìpìlẹ̀ Íńdíà. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1950, abala 17 rẹ̀ sì fòpin sí pípe ènìyàn ní aláìmọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1956, ní Nagpur, ó fi ẹ̀sìn Híńdù sílẹ̀ lọ sínú ẹ̀sìn Búdà, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì tẹ̀ lé e. Àwọn Híńdù mìíràn dúró nínú ẹ̀sìn náà, wọ́n sì ń bá àṣà yìí jà láti inú ilé. Ìyẹn ni ẹ ṣe gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan jẹ́, kí ẹ sì mọ ohun tí àwọn ènìyàn ti fi ṣe.

Gita tí a dárúkọ, Bhagavad Gita ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún: orí 18, ẹsẹ 700, nínú ìtàn gígùn tí à ń pè ní Mahabharata. Arjuna jagunjagun rí àwọn ìbátan rẹ̀ ní ìhà kejì ojú ogun, ó bá ju ọrun rẹ̀ sílẹ̀. Krishna, tó ń wa kẹ̀kẹ́ ogun fún un, ló kọ́ ọ pé kó ṣe iṣẹ́ tó tọ́ sí i láìdi èso rẹ̀ mọ́wọ́. Nishkama karma ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ tí kò ní kama nínú. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì tí a yà sọ́tọ̀ ló tún pàdé níbí.

Ta ló wá ń ṣe iṣẹ́, tó sì ń jẹ èso rẹ̀? Atman ni wọ́n ń pe ẹni inú lọ́hùn-ún náà. Ìtàn kan wà nínú Chandogya Upanishad. Shvetaketu kúrò nílé lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ọmọ ọdún 12, ó padà dé ní 24, ìgbéraga sì ti wọ̀ ọ́. Bàbá rẹ̀, Uddalaka, ní kó da iyọ̀ sínú omi kó di àárọ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ní kó mú iyọ̀ náà wá. Ọmọ wá a títí, kò rí i. Bàbá ní kó tọ́ omi náà wò lápá kan: iyọ̀. Láàrin ńkọ́? Iyọ̀. Lápá kejì? Iyọ̀ náà ni. Ojú kò rí i, ṣùgbọ́n kò síbi tí kò sí. Báyìí ni Brahman wà nínú ohun gbogbo, bàbá sì fi yé e pé òun gan-an ni atman rẹ̀. Ẹ lè dán an wò nílé pẹ̀lú ife omi kan. Àwọn ọmọ kékeré fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Shankara kọ́ni pé atman àti Brahman kò pé méjì rárá. Madhva, tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ní méjì ni wọ́n, wọn kò sì lè di ọ̀kan láéláé. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán.

Samsara ni ìrìn àrìnyíká atman: ìbí, ikú, àtúnbí. Níbí ni ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra. Àwa náà gbà pé àgbà ń padà wá. Babátúndé àti Yétúndé kún inú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá bá padà, ijó là ń jó. Inú ìdílé rẹ̀ ló padà sí, a sì mọ̀ ọ́n. Ní ti Híńdù, kò dájú pé inú ilé rẹ lo máa padà sí, ó tiẹ̀ lè má jẹ́ ara ènìyàn. Àárẹ̀ ni wọ́n ka ìrìn náà sí. Moksha, tí ó túmọ̀ sí ìtúsílẹ̀, ni kí ó dópin. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá túmọ̀ moksha sí ọ̀run rere, ẹ sọ fún un pé àwọn Híńdù mọ ọ̀run rere lọ́tọ̀, svarga, wọ́n sì ní ènìyàn ń padà láti ibẹ̀ nígbà tí èso iṣẹ́ rere rẹ̀ bá tán. Ọ̀nà moksha ni wọ́n ń pè ní yoga, ìsopọ̀: ti ìmọ̀ wà, ti ìfẹ́ sí Ọlọ́run wà, ti iṣẹ́ wà. Nína ẹsẹ̀ lórí ẹní jẹ́ apá kékeré níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ máa bá wa lọ sí tẹ́ńpìlì. Puja ni ìsìn tí a fi òdòdó, iná àti oúnjẹ ṣe. Murti ni ère. Àlùfáà á kọ́kọ́ ṣe ètùtù tí à ń pè ní prana pratishtha, tí wọ́n fi ń pe èémí sínú rẹ̀. Ẹ má sọ pé òkúta ni wọ́n ń bọ. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi bú àwọn baba ńlá tiwa náà. Darshan ni kí o wo ojú òrìṣà, kí òun náà wò ọ́. Prasad ni oúnjẹ tí wọ́n bá gbé kúrò níwájú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi gbà á. Ní Trinidad, níbi tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Íńdíà ti gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1845, àwọn àgbàlá òrìṣà kan wà tí àsíá àwọn òrìṣà Híńdù fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ògún.

Kí á tó tún pàdé, kí olúkúlùkù bi aládùúgbò tàbí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó jẹ́ Híńdù pé kí ni wọ́n ń pè ní dharma nínú ilé wọn, kó sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Ẹ̀yin àgbà, ẹ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí ẹ rò pé ó lè gbé karma dúró, kí ẹ sì múra láti sọ ibi tí kò ti bá a mu. Kí ẹ̀yin ọmọdé mú iyọ̀ wá.