Àròkọ Oníṣìípayá: Oúnjẹ Hausa àti Àrùn Ìtọ̀ Ṣúgà

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ Ṣómólú tàbí Bàrígà, o mọ kúnú, fùrá àti túwó àwọn Hausa. Má ṣe kọ ọ́ pé jéró ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn. Kò wò ó. Aláìsàn kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ pa oògùn dókítà tì. Àlàyé tó yẹ ni pé jéró tí a kò bó èèpo rẹ̀ kì í tètè sọ ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ bí ìrẹsì funfun. Bí a bá lọ̀ ọ́ kúnná, tí a sì sẹ́ ẹ, àǹfààní yìí dínkù. Kúnú tí a tún da ṣúgà sí ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ aláìsàn mọ́! Túwó ọkà bàbà, òkèlè díẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà tí a fi ewé osè gbígbẹ sè, sàn jù ú lọ.